Pákó Tó Fara Kanra

“Mi ò ní í lò ó.” Ọmọbìnrin náà kọjú sí ògiri wọ́ọ̀dù. “Ẹ̀yin náà lẹ sọ ọ́, Bàámi. Ẹ ní ta ló ń jẹ́rìí iṣẹ́ Ọlọ́run tán, tó tún ń gbé hóró oògùn mì?”

Bàbá rẹ̀, àgbà káfíńtà, tẹrí ba. Òótọ́ ni. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ wò lọ́dún tó kọjá, tí wọ́n ní àwọn ò rí kòkòrò HIV níbẹ̀ mọ́, òun ló kúnlẹ̀ ní pálọ̀, tó kọrin ọpẹ́ títí ohùn rẹ̀ fi há. Òun náà ló kó oògùn dà nù. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ọmọ náà, aránṣọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kúrò lórí máṣìnnì, ló wá rù kan egungun yìí, tí ikọ́ ò jẹ́ kó parí gbólóhùn.

Dókítà fa àga sún mọ́ wọn. “Bàbá, pé a ò rí i kò ní kó má sí níbẹ̀. Àwọn kòkòrò kan sá pamọ́ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ọmọ ogun ara, wọ́n sùn. Oògùn ni kò jẹ́ kí wọ́n gbilẹ̀. Ẹ dá oògùn dúró, wọ́n jí.”

“Inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n wá ń gbà kiri?”

“Wọ́n ń gbà á. Ṣùgbọ́n wọn kì í dúró de ìyẹn nìkan. Bí sẹ́ẹ̀lì tó ti kó o bá fara kan èkejì, ojú ibi tí wọ́n ti fara kanra gan-an ni kòkòrò á gbà kọjá. Bẹ́ẹ̀, ìfarakanra yẹn làwọn ọmọ ogun wa fi ń jíṣẹ́ fúnra wọn. Àmọ́ ẹ̀pa ṣì lè bóró. Tó bá bẹ̀rẹ̀ oògùn padà, ara ẹ̀ lè tún le.”

Bàbá fọwọ́ bojú. “Ikán,” ló wí.

“Ẹ ní kí ni, Bàbá?”

“Ní ṣọ́ọ̀bù mi, n kì í to pákó lérí ara wọn láìfi igi tín-ín-rín sáàárín. Bí wọ́n bá fara kanra, ikán inú ọ̀kan á bọ́ sínú èkejì, ojú pákó á sì máa dán. Ọjọ́ téèyàn bá kan ìṣó mọ́ ọn ni yóò tó mọ̀ pé ihò ni gbogbo inú ẹ̀.” Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Ìyá mi, a-fẹ̀rín-paná-ìbínú, ojú tó ń dán ni mo rí tí mo fi jẹ́rìí. Ọlọ́run ò parọ́. Ẹnu tèmi ló yá jù.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu ọmọ náà, ikọ́ sì gé e. “Wàásù ti yí padà nìyẹn.”

“Ó ti yí padà.”

“Tẹ́ ẹ bá tún yí i ńkọ́?”

Bàbá dìde. Ó bu omi sínú kọ́ọ̀bù, ó gba hóró oògùn lọ́wọ́ dókítà, ó nà án sí ọmọ rẹ̀. 

Ọmọ náà wo hóró náà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. “Ẹ gbàdúrà sí i ná, kí n tó mu ún.”

Bàbá la ẹnu. Ọ̀rọ̀ ò jáde. Ọmọ rẹ̀ ló bá a bẹ̀rẹ̀ àdúrà náà.