Vakarė Kọ Ẹ̀yìn sí Apẹ̀rẹ̀

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Vakarė nígbà tí gíga rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ìlú. Kó tó dìgbà náà, ọ̀nà jíjìn ló ti máa ń ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀. Á gbá a mọ́lẹ̀ gbì-gbì-gbì bọ̀ láti ìdajì pápá, ojú rẹ̀ á sì máa rí gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ní Rokiškis, ìlú wọn, bí ọmọ bá ti ga débi tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó gba ẹnu ọ̀nà wọlé, kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ohun tó fẹ́ mọ́. Wọ́n á mú un lọ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, wọ́n á ní kó kọ ẹ̀yìn sí i. Wọ́n ti fi í ṣe sẹ́ńtà nìyẹn.

Ibi tí sẹ́ńtà ń dúró sí kò fẹ̀. Alátakò wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń fi ìbàdí tì í, apẹ̀rẹ̀ tó ń wá sì wà níbi tí ojú rẹ̀ kò tó. Ọdún kẹta rèé tí Vakarė ti ń dúró síbẹ̀, ó sì máa ń ṣe é bíi pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n tì í mọ́.

Kóòṣì Kazimiera ló ń kọ́ ọ, arúgbó obìnrin kan tí ohùn rẹ̀ ti há nítorí igbe kíké.

"Má bojú wẹ̀yìn! Apẹ̀rẹ̀ ti sá rí? Ibi tó wà lánàá náà ló wà."

"Kóòṣì, mi ò mọ ibi tí ọmọ yẹn dúró sí."

"Ẹ̀yìn ẹ ni kó o fi wá a. Tó bá fara tì ẹ́ lápá òsì, apá ọ̀tún ṣí sílẹ̀ nìyẹn. Gbọn èjìká kan kó rò pé ibẹ̀ lò ń lọ. Tó bá ti fò, fẹsẹ̀ kan yí. Wàyí o, na apá ẹ gbọọrọ, gbé bọ́ọ̀lù gba orí kọjá, bí ẹni tó fẹ́ já ápù lórí igi aládùúgbò. Ìka ni kó o fi jù ú o, kì í ṣe èjìká."

Ìkọ́ ni wọ́n ń pe irú jíjù bẹ́ẹ̀, nítorí bí apá ṣe ń tẹ̀ wálẹ̀ lókè. Bí ẹni tó ga bá mọ̀ ọ́n jù, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Vakarė jù ú títí tó fi ń jù ú lójú àlá.

Vaidotas, bàbá rẹ̀, kì í pa ìdánrawò kankan jẹ. Awakọ̀ ọkọ̀ wàrà ni. Òun náà ti ṣe sẹ́ńtà rí, kí orúnkún rẹ̀ méjèèjì tó bàjẹ́. Á na ẹsẹ̀ gbọọrọ lórí bẹ́ǹṣì, á gbé tíì rẹ̀ dání, á máa pariwo: "Ọwọ́ òsì náà, ọmọ mi! Ọwọ́ òsì!"

Ohun tí bàbá yìí kò mọ̀ ni pé ọkàn ọmọ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Jurgita, ìyá Vakarė, ti wà ní Norway láti ọdún mẹ́ta, ó ń gé ẹja ní ilé iṣẹ́ kan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Vakarė fẹ́ lọ bí iléèwé bá ti parí. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́jọ́ kan, Vaidotas wọlé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti iléèwé bọ́ọ̀lù kan ní Kaunas lọ́jọ́ Sátidé, ó fẹ́ wá wò ẹ́. Tó bá mú ẹ, iléèwé ni, ibùsùn ni, oúnjẹ ni, àwọn ló máa gbé gbogbo ẹ̀."

"Bó bá sì sọ pé òun ò fẹ́ ńkọ́?"

"Ta ló máa rí ẹ tí ò ní fẹ́?"

Vakarė ti rí ọ̀nà kan: bí òun bá gbá bọ́ọ̀lù burúkú, ọkùnrin náà á padà síbi tó ti wá.

Gbọ̀ngàn kún fọ́fọ́ lọ́jọ́ Sátidé náà. Àwọn ọmọ ìlú Biržai ni wọ́n ń bá gbá a. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù sí Vakarė, ó yí, ó ju ìkọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ jẹ́ kó kúrú. Èkejì náà kúrú. Bàbá rẹ̀ káwọ́ lérí.

Deimantė lorúkọ ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ọ. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, ó ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù. "Àǹtí òpó iná," ó sọ ọ́ sí i létí, "ṣé wọ́n gbàgbé láti tàn ẹ́ ni?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa Vakarė. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò mọ ibi tí àwàdà ń parí sí. "Wọ́n ní ìyá ẹ sá fi yín sílẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹja. Tètè máa bá a lọ jàre."

Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Vakarė bó ṣe sọ̀rọ̀ tán. Kò ronú. Ẹ̀yìn rẹ̀ wá ọmọ náà rí, èjìká rẹ̀ gbọ̀n, Deimantė fò sófuurufú, ẹsẹ̀ kan yí, apá sì gòkè. Kò tilẹ̀ wò ó. Ṣáà ni ó gbọ́ nínú àwọ̀n.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù tún dé, ọwọ́ tún jù ú, ó tún wọlé. Ó gbìyànjú láti jẹ́ kó kúrú, ìka kọ̀ fún un. Nígbà tí ẹni méjì wá há a mọ́ lápá ọ̀tún, ọwọ́ òsì ló jù ú. Gbogbo gbọ̀ngàn ló dìde. Rokiškis borí.

Ọkùnrin ará Kaunas sọ̀ kalẹ̀ wá. Vaidotas ló kọ́kọ́ bọ̀ lọ́wọ́, ó ní àwọn máa mú ọmọ náà. Bàbá ń sunkún bí ọmọdé.

Nínú yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ, Kóòṣì Kazimiera jókòó tì í. "Méjì àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́?"

"Mo ṣì í ni, Kóòṣì."

"Parọ́ fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá ṣì í, á ṣì í sọ́tùn-ún, á ṣì í sósì. Ojú kan náà ni tìẹ bọ́ sí."

Omi bọ́ lójú Vakarė. "Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Lọ sọ ìdí tó o fi ṣe é fún bàbá ẹ. Mi ò ní bá ẹ sọ ọ́."

Ó sọ ọ́ nínú ọkọ̀, ti ìkọ́ méjì náà àti ti Norway. Vaidotas ń wakọ̀ lọ títí wọ́n fi délé. Bí wọ́n ti wọlé, ó pe Jurgita lórí fóònù, ó gbé e sórí tábìlì, ó ní, "Bá màmá ẹ sọ̀rọ̀."

Vakarė sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀.

"Ọmọ mi, àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá kan níbí. Níbo ni kí n gbé ẹ sí? Òtútù ẹja ti jẹ gbogbo ìka mi. Kaunas ni kó o lọ. Mo bẹ̀ ẹ́, má wá síbí."

Vakarė kò tíì rò ó rí pé ìyá òun náà lè ti ilẹ̀kùn mọ́ òun. Ó wo fóònù náà títí iná rẹ̀ fi kú.

Vaidotas bu ọbẹ̀ tútù tí wọ́n fi bíìtì, gbòǹgbò pupa, ṣe fún un, ó gé ọ̀dùnkún gbígbóná sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n jẹun láìwo ara wọn.

"Títí di Kérésì ni mo máa fi dán Kaunas wò," Vakarė sọ níkẹyìn. "Tí mi ò bá fẹ́ mọ́, ẹ máa wá mú mi wálé."

"Mo ti gbọ́," bàbá rẹ̀ wí.

Vakarė mọ̀ pé bàbá òun kò sọ pé òun gbà. Ó gbé ṣíbí rẹ̀, ó jẹ ọbẹ̀ náà tán, ó sì lọ wá àpótí ẹrù rẹ̀ lábẹ́ ibùsùn.