Abọ́ Tí Shigeto Fọ́

Ní Amakusa níbí, ní ilẹ̀ Japan, ọ̀rọ̀ kan náà là ń lò tí a bá kó nǹkan sí àyè rẹ̀ àti tí a bá tún ohun tó bàjẹ́ ṣe: naosu. Gbogbo òwúrọ̀ ni Ìyá ọkọ mi ń sọ ọ́. Naosu abọ́ yìí. Naosu àwọ̀n yẹn. Ìwé mi ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí mo rí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú Ìyá jáde, Shigeto ọkọ mi fọ́ abọ́ ìrẹsì mọ́ òkúta ẹnu ọ̀nà, bí a ti ń fọ́ ti olóògbé, kó má baà padà wá jẹun nílé. Mo gbọ́ ìró rẹ̀. Mi ò wo abọ́ náà.

Láti ọjọ́ kejì ni Shigeto ò ti wọlé mọ́. Á ti oko ọsàn dé, á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa wo bàtà rẹ̀. Ó ní ebi ò pa òun. Ó ní kí n tẹ́ ẹní òun sínú ahéré irinṣẹ́. Nínú ilé, aṣọ ìnuwọ́ tí mo bá jù sílẹ̀, kíká ni mo ń bá a, ní mẹ́rin, bí Ìyá ṣe máa ń ká a.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, Màmá Tatsue aládùúgbò wa ń kọjá, ó rí i níbi tó dúró sí.

"Shigeto, ṣé ìyàwó ẹ lé ẹ jáde ni, àbí o ti di àlejò?"

Shigeto ò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ dà bí ti ẹni tó ti rìn jìnnà.

Ni mo bá rántí pé mi ò wo abọ́ tó fọ́, mo lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Abọ́ Ìyá wà níbẹ̀, kò fọ́. Ti Shigeto ni kò sí.

Orúkọ ọmọ wa ni mo fi pe ọkọ mi: "Bàbá Chinami, abọ́ ta lẹ fọ́?"

"Tèmi ni. Ọwọ́ mi kọ̀, mi ò lè fọ́ ti Ìyá."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Màmá Tatsue. Ó ní ara rẹ̀ ni Shigeto tì síta yẹn bí olóògbé, kí n wá nǹkan ṣe kíá.

Mo ṣa àfọ́kù náà jọ, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ó ku àfọ́kù kan tí mi ò rí. Mo gbé ti Ìyá wá sẹ́nu ọ̀nà, mo ní kí Ìyá má bínú, mo là á mọ́ òkúta. Mo bu ìrẹsì sínú èyí tí mo lẹ̀, mo pe ọkọ mi.

Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún wọlé. Ó pẹ́ kó tó gbé òsì. Ó jókòó, ó jẹun, ó ní ìrẹsì náà ti tutù.

Kò sẹ́ni tó ń ká aṣọ ìnuwọ́ mọ́. Ó ń sùn sílé. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ òsì rẹ̀, bí omi kànga ló ṣe tutù, àní nínú oòrùn. Tó bá ti lọ sóko, mo máa ń kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, mo máa ń fọwọ́ tú iyẹ̀pẹ̀, mo ń wá àfọ́kù kan yẹn.