Ilẹ̀kùn Tí Rube Tackett Kàn

Gbogbo ìlú Caney Bend ló bọ́ Rube Tackett, ìgárá ọlọ́ṣà. Bí ẹ bá gbọ́ tẹnu wọn, ilé mọ́kànlélógún ló ti jẹun lálẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí ọlọ́pàá yìnbọn pa á lọ́dún 1934. Adìẹ díndín níbí, ẹ̀wà àti búrẹ́dì àgbàdo lọ́hùn-ún, páì píìṣì nílé Arábìnrin Lorene Pogue. Èmi tí mo ń se oúnjẹ fún igba ọmọ nílé ìwé lójoojúmọ́ mọ ohun tí ikùn ń gbà. Ẹni tó bá jẹ gbogbo ìyẹn ò níí dúró de ìbọn kó tó kú.

Ṣùgbọ́n ta ni yóò là á mọ́ wọn lójú? Báǹkì ló ń gba oko lọ́wọ́ àwọn òbí wa nígbà náà, Rube sì ń ja báǹkì lólè. Ẹni tó ń jẹ ọ́ níyà, tí ẹnì kan bá bá ọ nà án, o ò níí béèrè irú ènìyàn tó jẹ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó gbẹ̀yìn oṣù Karùn-ún, tí a bá ti tún ibojì àwọn òkú wa ṣe tán, tí a fi òdòdó sí i, a máa ń tẹ́ tábìlì gígùn kan sábẹ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ itẹ́ òkú. Obìnrin kọ̀ọ̀kan á gbé irú oúnjẹ tí Rube jẹ nílé wọn wá. Ìdílé tó bọ́ ọ ló ń jókòó sídìí tábìlì. Àwọn tó kù á gbé àwo wọn lọ sórí koríko.

Orí koríko ni màmá mi, Arvella Stidham, ti ń jẹun fún ọdún mẹ́tàdínlógójì.

Ẹnu ara rẹ̀ ló kó bá a. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé ikú Rube, ó dìde nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní Rube kan ilẹ̀kùn òun, òun ò sì ṣí i. Bàbá mi wà níbi iṣẹ́ ojú irin, àwa ọmọ mẹ́ta wà nínú ilé, èmi àgbà ò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Mo rántí bó ṣe fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Ọlọ́run ló rò pé òun ń jẹ́wọ́ fún, kò rántí pé Lorene Pogue wà níjókòó.

Ọdún 1971 ni àwọn onísinimá dé láti California pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́jọ láti wá ya ìtàn Rube. Inú ìlú dùn débi pé àwọn ọkùnrin tí kì í fá irùngbọ̀n kódà tí wọ́n bá ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ń fá a lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n fún èmi náà ní gáùn àtijọ́, wọ́n ní kí n máa rìn kọjá níwájú báǹkì. Mo rìn ín títí bàtà fi bó mi lẹ́sẹ̀. Mo gbádùn ẹ̀, mi ò níí parọ́.

Àfi ìgbà tí mo gbọ́ ohun tó wà nínú ìwé eré wọn. Lorene ti lọ ròyìn fún olùdarí wọn, Ọ̀gbẹ́ni Kessler, pé gbogbo ilẹ̀kùn ló ṣí fún Rube lálẹ́ ọjọ́ náà, àfi ti obìnrin ọlọ́kàn líle kan. Ojú obìnrin yẹn ni wọ́n fẹ́ fi han gbogbo ayé.

Mo ká Lorene mọ́ ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

"Arábìnrin Lorene, kí ni màmá mi fi ṣe yín gan-an?"

"Nadine, ọmọ mi, ohun tó ṣẹlẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ẹnu ẹ̀ ló fi sọ ọ́."

"Ẹ̀yin náà fi ẹnu yín sọ ti páì. Ta ló rí yín?"

"Ṣé èmi lò ń pè ní òpùrọ́?"

"Mi ò tíì pe ẹnikẹ́ni. Tí mo bá pè, ẹ ó gbọ́."

Mo délé, inú ń bí mi gidigidi. Màmá ń bó ẹ̀wà tútù. Mo ro ẹjọ́ fún un, ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n yà á, òótọ́ kúkú ni. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dúró sínú abọ́, kò bó ẹyọ kan mọ́. Ó wá ní, "Àwọn ọmọ-ọmọ mi á sanwó wọlé lọ wò mí níbi tí mo ti ń lé ẹni ebi ń pa." Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo jókòó tì í, mo bá a bó ẹ̀wà yòókù.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú tí a máa ń tún ibojì ṣe pé lọ́dún náà, àwọn onísinimá wá bá wa jẹun. Wọ́n mú Delmer Voss dání, bàbá tó wa mọ́tò fún Rube láyé ọjọ́sí. Ó ti ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, àwọn onísinimá ló wá gbà á síṣẹ́ kó máa sọ bí nǹkan ṣe rí gan-an fún wọn. Kó tó jókòó, àwọn obìnrin ti fi àwo yí i ká.

"Ọ̀gbẹ́ni Delmer, ẹ tọ́ èyí wò," Lorene ló wí bẹ́ẹ̀. "Ẹ máa rántí ilé wa, èyí funfun tó wà létí afárá."

Bàbá náà jẹ ẹ́. Ó jẹ ti ẹlòmíràn, ó tún jẹ ti ẹlòmíràn, ó nu ẹnu.

"Ó dùn gan-an," ló wí. "À bá mà rí i jẹ nígbà náà."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Lorene ò rẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ wí?"

"Mo rántí ilé funfun yẹn dáadáa, mà. A kanlẹ̀kùn, ẹ fẹ́ àtùpà pa. Ilé kejì fẹ́ tiẹ̀ pa, ẹ̀kẹta bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe ń lọ ni òpópónà ń ṣókùnkùn níwájú wa. Ẹja inú agolo nìkan la ti ń jẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó di alẹ́ yẹn. Mi ò bínú o. Èmi náà ì bá má ṣí fún irú wa." Ó wo gbogbo tábìlì. "Obìnrin kan ṣoṣo ló dá wa lóhùn. Ó ní òun ní ọmọ nínú ilé, òun ò lè ṣí, ṣùgbọ́n kànga wà lẹ́yìnkùlé, ká mu omi, kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa. Rube mu omi náà, ó sunkún. Ó ní ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bá òun sọ̀rọ̀ bí ènìyàn."

Mo yíjú sí Màmá lórí koríko.

"Màmá, ẹ ò sọ ti omi fún wa rí."

"Omi kọ́ ló tọrọ," ló dá mi lóhùn.

Ọ̀gbẹ́ni Kessler ń họ orí. Ó ní tó bá jẹ́ òótọ́ ni kí òun yà, ilẹ̀kùn mọ́kànlélógún tí kò fọhùn ni òun máa yà, ta ló sì máa kúrò nílé ẹ̀ wá wo ìyẹn? Kò sẹ́ni tó lè wo ojú ẹnìkejì ẹ̀ nídìí tábìlì. Inú mi dùn, ẹ dárí jì mí. Mo ní kó yà á bẹ́ẹ̀, kó sì ya ilé funfun sókè téńté.

Ṣùgbọ́n Màmá ló kọjú sí. "Mísì Arvella, ẹ̀yin ni mo fẹ́ dójú tì tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ bí ẹ ṣe fẹ́ kí n ṣe é."

Màmá dìde, ó gbọn koríko kúrò lára aṣọ, ó rọra rìn wá sídìí tábìlì. Mo rò pé yóò bá wọn wí. Ó tọ́ sí wọn.

"Ẹ jẹ́ kí obìnrin inú sinimá yẹn ṣí ilẹ̀kùn," ló wí. "Kó gbé oúnjẹ fún Rube, kó jẹ yó. Mo gbọ́ ebi nínú ohùn rẹ̀. Mo ti ṣí ilẹ̀kùn yẹn lójú àlá títí, mo fẹ́ fojú rí i kó ṣí kí n tó kú."

Lorene ló kọ́kọ́ bú sẹ́kún. Mo wá ìbínú tí mo ti ń tọ́jú dè é, mi ò rí i mọ́. Lorene dìde lórí àga rẹ̀, ó fà á fún màmá mi, àwọn tó kù sì bẹ̀rẹ̀ sí í sún mọ́ra wọn kí ààyè lè gba àwa tá a wà lórí koríko.