Ẹni Tó Pe Olúṣínà

Ọkọ mi fẹ́ràn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ju oúnjẹ lọ. Ẹ má rò pé mò ń ṣàsọdùn. Mo lè gbé ẹ̀bà gbígbóná síwájú rẹ̀, kó tutù, kó dì gbagidi, nítorí pé òyìnbó kan tó ti kú tipẹ́ ń rìn kọjá nínú eré tí kò ní àwọ̀. Ní Dagenham tí à ń gbé yìí, bọ́ọ̀lù ni àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ń wò. Tèmi ń wo nọ́ọ̀sì àti dókítà ayé ọjọ́sí, yóò sì sún mọ́ ojú tẹlifíṣọ̀n náà bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú kápẹ́ẹ̀tì.

Mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó ń wá.

Ìyá rẹ̀ ni. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ wá kọ́ ní London, ó sì ṣe bí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ìgbà náà ti ń ṣe: ó gbé ọmọ fún obìnrin òyìnbó kan ní Kent pé kó bá òun tọ́ ọ, òun á máa wá wò ó ní ọjọọjọ́ Sunday. Ẹnu obìnrin náà kò gba Olúṣínà, Simon ló ń pè é. Ọmọ náà ò tíì tó ọmọ iléèwé dáadáa nígbà tí ìyá rẹ̀ lọ sin bàbá tirẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Àìsàn kọlù ú níbẹ̀, ó sì kú. Kò sẹ́ni tó sọ fún ọmọ. Bí Sunday bá dé, yóò wọ kóòtù rẹ̀, yóò palẹ̀ báàgì rẹ̀ mọ́, yóò jókòó sórí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, yóò máa retí. Nígbà tó yá, wọ́n ní ìyá rẹ̀ jù ú nù ni. Ó gbà bẹ́ẹ̀ títí tó fi di géńdé.

Màmá Àdúrà ló yí i lọ́kàn padà. Wòlíì obìnrin ni nínú ìjọ Aládùúrà wa ní Barking, àgbà ti dé sí i, òun àti ìyá ọkọ mi ló sì jọ gbé yàrá kan nígbà èwe wọn. Ó sọ fún ọkọ mi pé ikú ló mú ìyá rẹ̀, pé kò jù ú nù, àti pé ó máa ń lọ bá àwọn òyìnbó ṣe eré ní tẹlifíṣọ̀n lópin ọ̀sẹ̀. Kì í ṣe ju kó rìn kọjá lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan, nínú eré ilé ìwòsàn, wọ́n ní kó jókòó ti ọmọ kan tó ń ṣàìsàn, kó máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ní èdè ìlú rẹ̀. Wọ́n ní ohunkóhun tó bá wù ú ni kó sọ, nítorí kò kúkú sẹ́ni tó máa gbọ́.

“Nígbà tó délé, ojú ẹ̀ wú fún ẹkún,” ni Màmá Àdúrà wí. “Mo ní, ‘Kí lo sọ?’ Ó ní, ‘Ọmọ mi ni mo bá sọ̀rọ̀. Ọjọ́ tó bá wò ó, á gbọ́.’”

Ọkọ mi kò rí i wò. Láyé ìgbà yẹn, wọn kì í tọ́jú eré. Wọ́n á nu téèpù, wọ́n á sì gba eré mìíràn lé e, bí ẹni tó ń nu bọ́ọ̀dù iléèwé. Ọkọ mi wá eré yẹn títí irun rẹ̀ fi funfun. Ó wọ ẹgbẹ́ àwọn òyìnbó arúgbó tó ń wá eré tó sọnù kiri, òun nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn. Gbogbo ohun tó fẹ́ láyé ni kó gbọ́ ohun tí ìyá rẹ̀ sọ fún un.

Lọ́dún yìí, ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n rí kú ní Eastbrook. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń palẹ̀ gáréèjì mọ́, wọ́n bá rí téèpù ńlá kan nínú ike, orúkọ eré náà sì wà lára rẹ̀. Ẹgbẹ́ pe ọkọ mi. Ó gbé e lé itan wálé nínú bọ́ọ̀sì bí ọmọ tuntun. Nígbà tó ṣí ike náà, òórùn kan jáde tí n kò fẹ́. Kì í ṣe òórùn eruku. Òórùn aṣọ tí wọ́n ká ní tútù tí wọ́n wá gbàgbé ni.

A gbé e lọ bá Abdulrahman, ọmọ Ìlọrin kan tó ń tún ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe lókè ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà East Street. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó wò ó pẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, mould ti wọ̀ ọ́,” ó ní. “The sound is just sitting on top, bí àtíkè báyìí. Ẹ lọ gbé e síbi tó gbóná, tó gbẹ. Month end, ẹ gbé e padà wá. It might play lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, then it’s finished.”

“Ẹ̀ẹ̀kan náà ti tó,” ọkọ mi dáhùn.

“And no water, ẹ jọ̀ọ́. Omi ò gbọdọ̀ kàn án rárá.”

Inú kọ́bọ́ọ̀dù tí bọ́ílà tó ń mú ilé gbóná wà ni a gbé e sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí tí ọkọ mi kó sùtánà rẹ̀ tuntun sí, funfun báláú, èyí tí kò wọ̀ rí, tó ní kí a fi sin òun bí ọjọ́ bá pé. Kò sí àgbà ìjọ wa tí kò ní irú rẹ̀ nílé. Kò pẹ́, òórùn téèpù náà wọ gbogbo táwẹ̀lì mi. Ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí láti ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù yẹn.

Ní Sunday tó tẹ̀lé e, ẹ̀mí gbé Màmá Àdúrà láàárín ìsìn. Ó rìn tààrà wá síwájú ọkọ mi, agogo ń dún lọ́wọ́ rẹ̀.

“Obìnrin kan ń bọ̀ wá pe orúkọ rẹ,” ó ní. “Kì í ṣe ará ayé yìí mọ́. Má dá a lóhùn! Ẹni tó bá jẹ́ òkú nípè ti gbà láti bá a lọ.”

Ìyá tèmi ti kọ́ mi ní Èkìtì pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ABD. Ṣùgbọ́n téèpù ni téèpù. Nígbà tí à ń lọ sílé, mo ní, “Bàbá Eden, it’s only a recording o. Ìgbà tí wọ́n wà láyé ni wọ́n sọ̀rọ̀ yẹn.”

“Mo mọ̀, Ìyá Eden,” ó ní. “Let me just make it clean first.”

N kò mọ ohun tó ní lọ́kàn. Kò sí ohun tí a kì í wọ́n omi ìyàsímímọ́ sí nínú ìjọ wa: ọkọ̀ tuntun, páàsípọ́ọ̀tù, bẹ́ẹ̀dì ọmọ. Ní ọjọ́ kan tí mo wà níbi iṣẹ́, ọkọ mi gbé téèpù náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá Àdúrà ka sáàmù sí i, ó ṣí ike rẹ̀, ó sì da omi sí i kí àdúrà lè dé inú. Mo wọlé, mo bá téèpù náà lórí híítà, omi ń kán sílẹ̀. Mo pariwo débi pé aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ògiri.

“Kí ni Abdulrahman sọ fún yín? Ṣé ẹ ò létí ni?”

“Omi lásán kọ́,” ọkọ mi ní. “Omi àdúrà ni.”

Inú bí mi, àánú rẹ̀ sì tún ń ṣe mí.

Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ Abdulrahman, kò pariwo. Ó kàn gbóòórùn téèpù náà, ó ní bí kò bá ṣe lónìí, kò ní sí mọ́. Ó fi í sẹ́nu ẹ̀rọ, ó sì so ẹ̀rọ mìíràn mọ́ ọn tí yóò máa gba ohun tó bá jáde sílẹ̀. Mo di orúnkún ọkọ mi mú. “Ẹ rántí ohun tí Màmá wí,” mo sọ fún un. Kò gbọ́ mi.

Àwòrán náà hó fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó mọ́. A rí àwọn bẹ́ẹ̀dì onírin. A rí ọmọ òyìnbó kan lórí ìrọ̀rí, àti ọ̀dọ́bìnrin dúdú kan pẹ̀lú fìlà nọ́ọ̀sì, iwájú orí rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti Eden ọmọ wa. Ó di ọwọ́ ọmọ náà mú, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Àwa ló yíjú sí.

“Olúṣínà,” ó wí.

Ohùn náà já gaara. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í han, ìyẹ̀fun pupa ń jábọ́ lára téèpù, ohùn sì kú. Ẹnu obìnrin náà ṣì ń mì. Ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omijé dà lójú rẹ̀, ó tún ń sọ̀rọ̀, àwa kò sì gbọ́ ẹyọ kan.

Ọkọ mi dìde. “Mà?” ó ní. “Mà? Ẹ tún un sọ, mà. N ò gbọ́.”

Funfun gba ojú tẹlifíṣọ̀n náà kan. Abdulrahman fi òwú nu orí ẹ̀rọ níbi tí téèpù ń gbà kọjá, òwú náà sì pọ́n bí erùpẹ̀. Gbogbo ohun tí ìyá yẹn sọ ló wà lára òwú náà. Ọkọ mi tọrọ rẹ̀, ó sì fi í sápò.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀dà tí Abdulrahman gbà sílẹ̀ fún wa wà nínú dúrọ́ọ̀, a kò tíì fi sí tẹlifíṣọ̀n rí. Síbẹ̀, lọ́jọ́ kan, mo wà ní ilé ìdáná, mò ń fọ ìrẹsì, mo gbọ́ ohùn ọkọ mi lókè: “Mà?”

“Èmi lẹ̀ ń sọ ‘mà’ fún?” mo bi í. Mo rẹ́rìn-ín.

“Ìwọ kọ́ lo pè mí ní Olúṣínà ni?”

Ẹ̀rín mi tán. Bàbá Eden ni mo ń pè é. Alàgbà ni wọ́n ń pè é ní ṣọ́ọ̀ṣì, Simon sì ni níbi iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Olúṣínà mọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láàárín àwọn ṣọ́ọ̀bù ní Heathway, á yíjú padà, á dáhùn. Mo pe Màmá Àdúrà lórí fóònù.

“Ṣé ó dáhùn lọ́jọ́ yẹn?” ó bi mí.

“Ó dáhùn, mà.”

Ó wá bú sẹ́kún. “Kí ló wá sọ, Ìyá Eden? Kí ni ọ̀rẹ́ mi sọ tẹ̀lé orúkọ yẹn?”

“Omi yín ló mọ̀ ọ́n, mà,” mo ní. Mo pa fóònù.

Lánàá tó jẹ́ Sunday, a dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, mo lọ pààrọ̀ aṣọ. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ilẹ̀kùn iwájú wà ní ṣíṣí, òtútù ti gba pálọ̀. Ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn níta nínú kóòtù rẹ̀, ó de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn. Báàgì kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó ń wo ìparí òpópónà wa.

“Bàbá Eden, ẹ wọlé, òtútù á mú yín. Ibo lẹ̀ ń lọ?”

“Mi ò mọ̀,” ó ní. “Wọ́n ti pè mí, mo sì ti dáhùn. But I didn’t hear the rest. Bóyá wọ́n ní kí n dúró. Bóyá wọ́n ní kí n máa bọ̀.”

Mo gbé báàgì náà. Ó fúyẹ́. Mo ṣí i, sùtánà tuntun tó ní kí a fi sin òun yẹn nìkan ló wà nínú rẹ̀, ó ti fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, ó sì ká a dáadáa. Mo jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn, mo gbé báàgì náà lé itan mi, mo sì fi apá méjèèjì dì í mú.