Ọwọ́ Bíṣọ́ọ̀bù Ládépọ̀

Màmá Ládépọ̀, opó Bíṣọ́ọ̀bù wa, ní kí n ya àwòrán ọkọ wọn bí wọ́n ṣe ń ya àwọn kádínà Róòmù láyé àtijọ́: aṣọ pupa, òrùka, àga ńlá. Bíṣọ́ọ̀bù tó jẹ́ pé súwẹ́tà kan náà ni wọ́n ń wọ̀ káàkiri Weston, àdúgbò wa nílẹ̀ òyìnbó. Mo bá lọ wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ní mùsíọ́mù. Aṣọ ni àwọn ayàwòrán ìgbà yẹn fi ń sọ ipò èèyàn; ojú àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń tú ìwà rẹ̀ síta.

Aṣọ pupa parí ní ọjọ́ méjì. Ọwọ́ ló dá mi lágara. Mo yà á bí ọwọ́ ẹni tó ń súre. Bí ilẹ̀ bá mọ́, màá bá a tó ti fúnra rẹ̀ là sílẹ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń tọrọ nǹkan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un yà. Ẹ̀rù bà mí gan-an, torí mo mọ ohun tó ń tọrọ.

Èmi ni mo tọ́jú Bíṣọ́ọ̀bù nílé àwọn arúgbó tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n na ọwọ́ yẹn sí mi. “Bá mi pe Ṣíwọlá. Ní kó máa bọ̀.” Ọmọ wọn ni Ṣíwọlá, Bíṣọ́ọ̀bù fúnra wọn ló lé e jáde nílé ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Mo ní màá pè é. Àmọ́ iṣẹ́ ti parí, ó ti rẹ̀ mí, mo ní ó di ọ̀la. Bíṣọ́ọ̀bù ò rí ọ̀la. Ojú tì mí, mo sì panu mọ́.

Àwọn kádínà mìíràn máa ń mú lẹ́tà lọ́wọ́ nínú àwòrán, orúkọ ẹnì kan á wà lára rẹ̀. Mo ya lẹ́tà sí ọwọ́ náà, mo kọ “Ṣíwọlá” sí i. Ọwọ́ náà ò yí padà mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ṣí aṣọ lójú àwòrán náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́. Màmá ò pàtẹ́wọ́. Ṣíwọlá, tí wọ́n ránṣẹ́ pè, dúró tì wọ́n.

“Jọláolúwa, ta ló ní kó o kọ ìyẹn síbẹ̀?” Màmá bi mí.

“Daddy ni, Ma.” Mo kọjú sí Ṣíwọlá. “Uncle, lọ́jọ́ tí Daddy kú, wọ́n ní kí n pè yín. Mi ò pè yín. Ẹ dárí jì mí.”

“What time?”

“Aago mẹ́ta ọ̀sán.”

“Mo wà ní off lọ́jọ́ yẹn,” ó ní. “Àdúgbò Jane and Finch ni mo wà. Just one bus.”

Ó rìn lọ bá àwòrán náà, ó gbé ọwọ́ lé ọwọ́ bàbá rẹ̀. Ọ̀dà yẹn ti gbẹ tipẹ́. Síbẹ̀, nígbà tó gbé ọwọ́ kúrò, lẹ́tà ti ṣófo, orúkọ Ṣíwọlá ti bọ́ sí àtẹ́lẹwọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó di ọwọ́ náà, ó jáde. Títí di òní, kò bá mi sọ̀rọ̀.