Sìpíríìtì fún Ọpọlọ Kọ̀ǹpútà

Bàbá Oníke kì í pariwo. Bó bá fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn, àdúrà ló máa ń kọ́kọ́ ṣe fún onítọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí àyà Falilat fi já láàárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1998, nígbà tí bàbá náà dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Aluu, nítòsí yunifásítì Port Harcourt, tó ń rọ̀jò àdúrà lé e lórí.

"Ọlọ́run á fi èyí tó dára ju èyí lọ rọ́pò fún ọ, ìyàwó wa."

Kí ló fẹ́ fi rọ́pò? Ike ni. Garawa ike, abọ́ ike àti àga ike tó ń tà lọ́jà Mile 3, tí kò ríbi kó o sí mọ́.

Làmídì lorúkọ bàbá yìí gan-an, ẹ̀gbọ́n Sàláwù ọkọ Falilat ni. Falilat ló sọ ọ́ ní Bàbá Oníke nígbà tó wọlé ọkọ. Bàbá yìí ló ni ṣọ́ọ̀bù tí Falilat ti ń fi kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tẹ iṣẹ́ fún àwọn ọmọ yunifásítì. Ọ̀rọ̀ ì bá má le, bí kì í bá ṣe pé kọ̀ǹpútà ọ̀hún ti sọ ikú di eré ọwọ́ rẹ̀. Bó bá ṣiṣẹ́ díẹ̀, á kú fin-ín, ohun tí èèyàn ń tẹ̀ á sì bá a lọ. Àwọn oníbàárà ti ń sá. Bàbá wá ní tóun bá fi kírun Jímọ̀ tán, tí ẹ̀rọ náà kò bá lè tẹ iṣẹ́ kan parí láìkú, ike òun ń wọlé nìyẹn. Sàláwù, ọkọ gidi, ilẹ̀ ló ń wò. Ta ni yóò bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn?

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Falilat wí lórí ìkúnlẹ̀.

Ṣé ó wá jókòó, ó fọwọ́ lẹ́rán? Ká má rí i. Ó ti ṣàkíyèsí pé kí ẹ̀rọ náà tó kú, ara àpótí rẹ̀ máa ń gbóná kọjá ààlà. Ó pa á, ó yọ wáyà rẹ̀ lára iná, ó sì ní sùúrù kó tutù. Kó tó tọwọ́ bọ inú rẹ̀, ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin àpótí náà, nítorí wọ́n kọ́ ọ nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà pé iná díẹ̀ tó ń bẹ lára èèyàn lè ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó kan fáànù àti irin tó bo ọpọlọ rẹ̀, ègé kékeré tó ń ronú fún ẹ̀rọ náà, mọ́lẹ̀, kò já a tipátipá. Ó ń rọra yí i síbí, ó ń yí i sọ́hùn-ún, títí tó fi tú sílẹ̀.

Ibẹ̀ ló ti rí ọ̀daràn náà. Ìpara tó yẹ kó máa gba ooru lára ọpọlọ fún irin ti gbẹ, ó ti di ẹfun. Ẹni tó tún ẹ̀rọ náà ṣe kẹ́yìn rẹ́ ẹ síbẹ̀ bí ẹni ń rẹ́ ògiri.

"Ká sáà bu omi díẹ̀ sí i, ká fi kànìnkànìn ha á," ni Sàláwù wí. "Omi ò kúkú lọ́tàá."

"Ó ti ní o, bàbá Ṣàfíù. Ọ̀tá rẹ̀ lẹ̀ ń wò yìí."

Boma wà níjòókòó níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jẹ́ ọmọ Kalabari, tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ náà, tí kò sì lè fi í sílẹ̀ lọ. Falilat bẹ̀ ẹ́ lédè Píjìn pé kó bá òun wá sìpíríìtì, èyí tó le dáadáa. Ọmọ náà sáré jáde, ó sì sáré padà pẹ̀lú ìgò bíà kan tí wọ́n fi bébà dí lẹ́nu.

"Madam, na the strong one be this."

Falilat ṣí i, òórùn rẹ̀ gbá a nímú. Kaikai ni, ògógóró pọ́ńbélé! Ẹ má bá Boma wí o. Nílùú Port Harcourt, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n bá yín wá sìpíríìtì tó le, kí lẹ rò pé wọn yóò gbé wá? Falilat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ó jẹ́ èèwọ̀ fún Mùsùlùmí, omi àti ìdọ̀tí wà nínú ẹ̀. Ó gbé ìgò náà sójú fèrèsé, ó sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé kẹ́mísì, ó ra sìpíríìtì tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń nu apá kí wọ́n tó gúnni lábẹ́rẹ́.

Ó fi etí rúlà ike rọra ṣí ìpara gbígbẹ tó nípọn kúrò. Kò fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ó wá gba áńkáṣíìfù funfun ọkọ rẹ̀, nítorí òwú á fi irun sílẹ̀. Ó kán sìpíríìtì sára aṣọ náà, kò dà á sínú ẹ̀rọ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún. Sàláwù ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i.

"Rọra o."

"Ṣebí mò ń rọra."

Ẹfun ń lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó yá, ojú ọpọlọ náà mọ́ kedere, lẹ́tà tí wọ́n kọ sí i lára yọ. Inú Falilat dùn débi pé ó gbàgbé Bàbá Oníke pátápátá. Ó jẹ́ kó gbẹ. Ó wá rán ọkọ rẹ̀ lọ gba ìpara tuntun lọ́dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún rédíò ṣe lójú títì, tó ń fi irú ìpara kan náà sínú àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nígbà tí Sàláwù mú un dé, Falilat kán èyí tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ sí i láàárín.

"Ṣé kò kéré jù?" ni Sàláwù bi í.

"Ìpara ni, kì í ṣe ọbẹ̀."

Ó dá irin àti fáànù padà, ó tan iná. Iṣẹ́ Boma bẹ̀rẹ̀ sí í jáde látẹnu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Àfi bí Bàbá Oníke ṣe dé láti mọ́sálásí, àwọn alábàárù tẹ̀lé e, wọ́n to ike dí ẹnu ọ̀nà gbọingbọin. Bàbá rọra gba àárín ike náà wọlé, ó fimú fínlẹ̀, ojú rẹ̀ sì bá ìgò ojú fèrèsé.

"Ọtí? Nínú ṣọ́ọ̀bù mi? Lọ́jọ́ Jímọ̀?"

Falilat ò tíì ríbi bẹ̀rẹ̀ àlàyé tí ohùn kan fi jáde lẹ́yìn rẹ̀. Sàláwù ni.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó. Kì í ṣe fún mímu, àṣìgbọ́ ọ̀rọ̀ ló gbé e débẹ̀. Ẹ sọ pé kó tẹ iṣẹ́ kan parí. Ẹ jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́."

Falilat wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rí i. Bàbá jókòó, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó ń retí ikú rẹ̀. Ẹ̀rọ náà dé ibi tó ti máa ń kú, ó kọjá ibẹ̀. Falilat fọwọ́ kan ara àpótí rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ lásán. Ojú ewé tó kẹ́yìn já bọ́, Boma kó gbogbo rẹ̀ mọ́ àyà, ó fò jáde lórí àwọn garawa, ó ń pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí wọ́n kó iṣẹ́ wọn wá.

"Kò kú," ni Bàbá wí, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Kò kú, Bàbá." Falilat kúnlẹ̀, orókún rẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn alábàárù kí wọ́n kó ike kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn oníbàárà mi ò ríbi wọlé."