Ṣúgà Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Omi Bàrákàt

Èmi Mùíbátù, mo lágídí, mi ò sì fi pamọ́. Ọmọ márùn-ún ni mo tọ́ dàgbà ní Ilo-Awela níbí, nọ́ọ̀sì kankan ò kọ́ mi. Nítorí náà, nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru mú Bàrákàt, ọmọ ọmọ mi, tí Ruqoyah ọmọ mi, ìyá rẹ̀, sì ní kí n máa fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà kí òun tó sáré lọ sí ilé iṣẹ́ wọn ní Sango, mo kàn ń wò ó ni. Ṣúgà kẹ̀? Ta ni kò mọ̀ pé ṣúgà ló ń fa jẹ̀díjẹ̀dí? Mo po iyọ̀ mọ́ omi, mo yọ ṣúgà kúrò.

Ọmọ mu ún, ìgbẹ́ ò dá. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ó ń sunkún, omijé ò jáde. Àyà mi já. Mo pọ̀n ọ́n, ó di ilé ìwòsàn àdúgbò.

“Màmá, kí lẹ ti fún un?” Nọ́ọ̀sì Olúwakẹ́mi ló bi mí bẹ́ẹ̀.

Mo sọ òtítọ́. Mo tiẹ̀ rò pé yóò yìn mí ni.

“Ẹ yọ ṣúgà kúrò? Ha, Màmá! Ẹ wò ó, awọ tín-ín-rín ló bo àwọn sẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwọn ẹ̀yà kéékèèké tó para pọ̀ di ìfun ọmọ yìí, awọ náà sì ní ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn kan wà tó jẹ́ pé iyọ̀ àti ṣúgà ló jọ ń gbà á wọlé. Tí wọ́n bá ti wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Iyọ̀ tẹ́ ẹ fún un ò rí ẹni bá wọlé, ló bá jókòó síta, omi náà sì bá ìgbẹ́ lọ.”

Ìtìjú bò mí. Ọwọ́ ara mi ni mo fẹ́ẹ̀ fi pa ọmọ ọmọ mi.

Ó po omi mìíràn, tiyọ̀ tiṣúgà, ó ní kí n máa fi ṣíbí bu ú sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀. Mo ń bu ú, mo ń ṣàdúà. Ó pẹ́ díẹ̀, nǹkan lílọ́wọ́ọ́wọ́ ṣàn sí mi lẹ́sẹ̀. Bàrákàt, tí kò tọ̀ láti àárọ̀, ti tọ̀ sí mi lára! Omi ti ń dúró sí i lára! Mo pariwo “Alihamudulilahi”, mo sì bú sẹ́kún.

Bí Ruqoyah, tí wọ́n ti pè lórí fóònù, ṣe já wọlé nìyẹn, tòun ti aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. “Màámi, ṣé ẹ fún un ní omi yẹn bí mo ṣe ní?”

Ara ọmọ ti ń yá, mo lè purọ́.

“Rárá,” mo ní. “Mo yọ ṣúgà kúrò. Mo ṣìṣe. Má bínú.”

Láti ọjọ́ tí mo ti bí i, kò gbọ́ “má bínú” lẹ́nu mi rí. Ó kúnlẹ̀ tì mí, ó gba ṣíbí lọ́wọ́ mi.

“Màámi, ẹ lọ pààrọ̀ ìró yín,” ó ní. “Ó kàn mí.”